Òrùlé Etí Òkun àti Ọ̀dà Tó Ń Bó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ilé mi kò jìnnà sí òkun, ìjì sì máa ń jà níbẹ̀ gan-an. Páànù mi ti ń dípẹtà, ìjì tún ti ṣí etí rẹ̀ kan. Wọ́n ní kí n lọ ra èyí tó nípọn sí i. Ṣé ìyẹn tó?

ÌDÁHÙN: Kò tó. Òótọ́ ni pé páànù alumíníọ́mù 0.55 mm kì í tètè tẹ̀ bíi ti 0.45 mm, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìjì ti ṣí i: etí ni. Etí, igun àti ṣóńṣó òrùlé ni afẹ́fẹ́ ti ń fa páànù sókè jù. Ní ìlà àkọ́kọ́ létí òrùlé, kí skúrù wà lórí gbogbo ibi tó ga lára páànù, kí káfíńtà má fo ọ̀kan. Ẹ má gba ìṣó. Páànù ń fẹ̀ nínú oòrùn, ó ń sún kì lóru, bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìṣó ń yọ díẹ̀díẹ̀. Skúrù gbọ́dọ̀ ní rọ́bà lábẹ́ orí. Kí wọ́n fún un títí rọ́bà á fi fẹ̀ díẹ̀; tí wọ́n bá fún un jù, rọ́bà á ya, omi á sì rí ọ̀nà wọlé.

Ní ti ìpẹtà, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ló ń jẹ síńkì tí wọ́n fi bo páànù irin, lẹ́yìn náà ló kan irin fúnra rẹ̀. Alumíníọ́mù ló yẹ yín, pẹ̀lú skúrù irin tí kì í tètè dípẹtà (stainless steel), oríṣi 316. Oríṣi 304 kì í pẹ́ ní àbàwọ́n létí òkun. Ẹ má jẹ́ kí bàbà kan alumíníọ́mù, tàbí kí omi tó ti ara bàbà ṣàn kán sí i. Sìmẹ́ǹtì tútù náà ń jẹ ẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í bi káfíńtà ni èyí: kí ló so igi òrùlé mọ́ ògiri? Tó bá jẹ́ ìṣó méjì-mẹ́ta péré ni, ìjì líle á gbé òrùlé náà tigi-tigi, tòun ti páànù tuntun. Irin pẹlẹbẹ ni kó de igi kọ̀ọ̀kan mọ́ igi tó jókòó lórí ògiri, kí bóòtì sì mú ìyẹn mọ́ kọnkéré. Kí etí òrùlé má sì yọ kọjá ògiri ju nǹkan bí 450 mm lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀dà ìta ilé wa ń bó nísàlẹ̀, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun sì ń yọ. Ọ̀dà wo la lè fi kùn ún?

ÌDÁHÙN: Ẹ fi ọ̀dà sílẹ̀ ná. Iyọ̀ ni nǹkan funfun yẹn. Omi inú ògiri ló gbé e jáde. Ẹ wò ó bóyá iyẹ̀pẹ̀ ti ga dé ara ògiri. Ẹ gbẹ́ ẹ kúrò títí yóò fi fi nǹkan bí 150 mm relẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti fi ọ̀rá dínà omi nísàlẹ̀ ògiri. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbá iyọ̀ náà. Tí ẹ bá fi omi fọ̀ ọ́, á tún wọlé padà. Ibi tí ẹ bá tún rẹ́, ó kéré tán kó lo ọjọ́ 28 kí ẹ tó kùn ún. Ọ̀dà olómi ti ìta ni kí ẹ lò, nítorí ọ̀dà olóròóró kì í lẹ̀ pẹ́ lórí sìmẹ́ǹtì tuntun.