Má da kásẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ nù

Àbúrò mi, o ní bàbá yín tó dolóògbé fi páálí kan sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kásẹ́ẹ̀tì ló kún inú ẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí rédíò láyé ọjọ́un. O ní àwọn ará ilé ní kó o kó o lọ sí ààtàn, torí pé kò sí orin tó wà níbẹ̀ tí kò sí lórí YouTube. Mo bẹ̀ ọ́, má dán an wò. Orin lè wà níbòmíì lóòótọ́. Ohun tí wọ́n sọ láàárín orin kan sí èkejì ni o ò ní rí mọ́.

Ṣágámù ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Nígbà tí OGBC, ilé iṣẹ́ rédíò Ìpínlẹ̀ Ògùn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ní 1977, ọdún kejì tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, bàbá mi ra rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì, wọn ò sì jẹ́ kó sinmi. Lẹ́yìn tí wọ́n kú ni mo gbé kásẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n kọ "Harúnà Ìṣọ̀lá" sí lára. Àpàlà náà ń lọ, ó parí, ni ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá wọlé, ó ń ka ìkéde òkú. Òkú ìyá bàbá mi ni. Ó dárúkọ agboolé wa, ó sọ alẹ́ tí àìsùn máa wáyé, ó ń dárúkọ àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ kọsẹ̀ díẹ̀ lórí orúkọ bàbá mi, ó sì tún un pè. Orúkọ obìnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ bíbí inú ìyá àgbà, tí ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ-ọmọ ò gbọ́ rí.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ ọ. Mo ti rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun lára téèpù náà, mi ò kà á sí. Bí mo ṣe ní kí n dá a padà kí n tún un gbọ́, ẹ̀rọ gbé e jẹ. Mo fi báírò yí i, mo rọra ń fà á, ó já, ibi tó rún jégéjégé nínú ẹ̀ ò ṣe é so mọ́. Títí dòní, orúkọ obìnrin yẹn ò wá sí mi lórí.

Mo lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ, bóyá wọ́n ní i. Wọ́n ní àwọn kì í tọ́jú ìkéde, pé ètò gan-an, orí ẹ̀ ni wọ́n ń gba òmíì sí nígbà náà, torí pé téèpù wọ́n. Ó dùn mí. Àwa ará Rẹ́mọ ló sì yẹ kó dùn jù. Ọmọ Ìkẹ́nẹ́ ni Awólọ́wọ̀. Ní 1953, gómìnà òyìnbó, Macpherson, bẹnu àtẹ́ lu Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, lórí rédíò, Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun láyè kóun fèsì, wọ́n kọ̀ fún un. Ìbínú yẹn wà lára ohun tó bí WNTV ní Ìbàdàn ní October 31, 1959, tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, níbi tí Aníkẹ́ Agbájé-Williams ti kọ́kọ́ fojú hàn. Àwọn kan ja irú ìjà yẹn kí ohùn wa tó jáde, a wá ń gba ìwàásù lé ohùn ọ̀hún lórí! Àbúrò ìyá mi kan ṣe bẹ́ẹ̀ sí kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi méjì, wọ́n fi sẹ́lótéèpù dí ihò ẹ̀yìn ẹ̀ kó lè gba nǹkan míì.

Nítorí náà, kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Tí ike pẹlẹbẹ méjì tó wà níbẹ̀ bá ṣì wà, ṣẹ́ wọn kúrò, kò sẹ́ni tó máa lè gba nǹkan sórí ẹ̀ mọ́, àfi tó bá dí ihò náà. Èyí tó bá ti ní funfun lára, yà á sọ́tọ̀, má fi sẹ́rọ rárá. Jẹ́ kó gbẹ níbi tí oòrùn ò dé, kó o tó gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tú. Èyí tó mọ́, fi òwú àti sípíríìtì nu ibi tí téèpù ń fara kàn nínú ẹ̀rọ náà kó o tó ki í bọ̀ ọ́, yí i síwájú, yí i padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, kó o tó tẹ̀ ẹ́. Tó o bá fẹ́ gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀, má gbé fóònù síwájú sípíkà. Wáyà ni kó o fi so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà. Má sì gé ìkéde tàbí ìpolówó kankan dànù.

Màmá yín ṣì wà, àbí? Jẹ́ kí wọ́n jókòó tì ọ́ nígbà tó o bá ń gbọ́ ọ. Wọ́n máa dá ohùn mọ̀ tí ìwọ ò ní mọ̀. Orúkọ tí wọ́n bá pè, kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.