Orúkọ inú rẹ́jísítà kọ́ lèèyàn tó ń wá o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bèèrè pé báwo ni orúkọ 60 ṣe wà nínú rẹ́jísítà ilé ẹ̀kọ́ àgbà yín tó wá jẹ́ pé èèyàn 12 péré lẹ̀ ń rí lórí bẹ́ǹṣì, ẹ pẹ̀lẹ́ o, èmi náà ti jẹ nínú ìyà yẹn. Ọdún 10 ni mo fi mú rẹ́jísítà kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kan l'Óṣogbo níbí, ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba, ìyá ọlọ́jà ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti pín ìwé àti báírò lọ́fẹ̀ẹ́, Ìyá Aláta á kọ orúkọ tiẹ̀, á tún kọ ti ìyàwó ọmọ ẹ̀ tí ò tiẹ̀ sí nílùú, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta wọ́n ti fọ́n ká. Èmi ṣáà ń kọ 60 ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá, àfìgbà tí wọ́n yọ sí wa lọ́jọ́ kan láìsọ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n bá èèyàn 7. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun alẹ́. Látìgbà yẹn ni mo ti ń lo ìwé méjì, ìkan fáwọn tó kọrúkọ, ìkan fáwọn tó ṣì ń wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ìtàn ilé ẹ̀kọ́ yín, ìwé kejì yẹn ni kẹ́ ẹ kà.

Tèmi ti jẹ́ kí n mọ̀ pé wàhálà ló ń kó wọn wá, kì í ṣe ìkéde. Nígbà tí BVN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ táwọn báńkì ń fún oníbàárà, dé lọ́dún 2014, àwọn tó ń tijú fọ́ọ̀mù báńkì ya wá, wọ́n mọ orúkọ ara wọn kọ tán, wọ́n lọ. Àmọ́ 2023 tówó pòórá nítorí náírà tuntun, tó di pé tìráńsífà ni gbogbo ọjà, ọmọ kan fi àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú gba ọjà lọ́wọ́ oníṣu kan, lọ́jọ́ kejì oníṣu yẹn àti èèyàn mẹ́rin ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Àwọn yẹn ò lọ bọ̀rọ̀, ojoojúmọ́ kọ́ ni àlẹ́ẹ̀tì ń wọlé ni?

Lóṣù ọdún Ọ̀ṣun, ẹ má retí wọn, ọjà ń tà. Lásìkò ààwẹ̀, ẹ gbé kíláàsì sẹ́yìn ìrun Àílà, torí aago 4 wọ́n ti ń ronú oúnjẹ ìṣínu. Ẹ yọ 2020 kúrò nínú ìṣirò yín, Kòfíìdì ti gbogbo wa mọ́lé.

Ẹ pe àwọn 48 yòókù tí ẹ ò rí mọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà tiwọn ló wà níbẹ̀, torí ìdajì àwọn tí mo pè nígbà yẹn, ọmọ wọn l'Ékòó ló ń gbé e, tó ń bèèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé ìyá òun ń lọ ilé ìwé ni.