Èsì: Ṣé ẹsitirójìn nìkan ló mú kí rọpárọsẹ̀ obìnrin yàtọ̀ sí ti ọkùnrin?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè o. Rárá, kì í ṣe ẹsitirójìn, ìyẹn họ́mọ́ọ̀nù obìnrin, nìkan. Lóòótọ́, ó ń dáàbò bo ọpọlọ, ewu sì ń pọ̀ sí i fún obìnrin lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń gbà kú gan-an kò dọ́gba.

Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ọpọlọ mọ́, nínú akọ eku, purotéènì kan tó ń jẹ́ PARP-1 ló máa ń ṣiṣẹ́ àṣejù. Ìyẹn á ti purotéènì mìíràn, AIF, wọ inú kókó àárín sẹ́ẹ̀lì, DNA ibẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gbé àbùdá, á sì já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, sẹ́ẹ̀lì náà á sì kú. Nínú abo, àwọn purotéènì mìíràn tí wọ́n ń pè ní caspase ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ ibi yẹn. Lọ́dún 2005, Louise McCullough, dókítà tó ń ṣèwádìí nípa ọpọlọ, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé akọ eku tí kò ní PARP-1 bọ́ lọ́wọ́ ọgbẹ́ ńlá, àmọ́ ńṣe ni ti abo tún burú sí i. Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tó gba akọ là ló pa abo lára.

Ohun tó ń dùn mí ni pé akọ ẹranko ni wọ́n fi dán ọ̀pọ̀ oògùn rọpárọsẹ̀ wò fún ọdún gbọọrọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá wa náà ni wọ́n máa lò ó fún.