Ojú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn: ohun tí ẹ ó bi wọ́n kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé

Màmá, ẹ kú ìfaradà. Ẹ ní ẹ̀yìn ọmọ yín obìnrin, ọmọ ọdún 14, wọ́ bíi lẹ́tà S, wọ́n ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un, ni ẹnì kan l'Ádó-Èkìtì bá sọ fún yín pé ojú máa ń fọ́ lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ń bèèrè bóyá òótọ́ ni.

Ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n. Nínú 1,000 ènìyàn tí wọ́n bá tún irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ ṣe fún, iye tó ń jí pẹ̀lú ìpalára ìríran gidi kò tó 3. Ẹ má tìtorí rẹ̀ gbé ọmọ sá. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "kò séwu" dá yín lóhùn kí ẹ sì dákẹ́, nítorí púpọ̀ nínú ohun tó ń fà á ni a lè bèèrè nípa rẹ̀ ṣáájú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò ni pé wọ́n tẹ ojú aláìsàn mọ́ bẹ́ẹ̀dì ni. Ìdojúbolẹ̀ ni ọmọ yóò sùn fún wákàtí mẹ́rin, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà èrò yẹn bọ́gbọ́n mu, ó sì ń ṣẹlẹ̀: bí nǹkan bá tẹ ẹyinjú pẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè wọ inú rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni irú èyí sábà máa ń mú, ìpéǹpéjú ibẹ̀ á sì wú tàbí kó ní àpá. Àmọ́ kì í ṣe òun ló pọ̀ jù. Ní 1999, ẹgbẹ́ àwọn dókítà amúnisùn ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kó àkọsílẹ̀ àwọn tí ìríran wọn sọnù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Àbájáde tó jáde ní 2006 ní 93 ènìyàn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn fún. Nínú wọn, 10 péré ni ti ẹ̀jẹ̀ tí kò wọ inú ẹyinjú. Àwọn 83 yòókù, iṣan tó ń gbé ìríran láti ojú lọ sí ọpọlọ ló kú. Mẹ́rìndínlógún nínú àwọn 83 yìí, irin ló di agbárí wọn mú nígbà iṣẹ́ náà, nǹkan kan kò kan ojú wọn rárá.

Kí ló wá pa iṣan náà? Nínú 96 nínú 100 wọn, ẹ̀jẹ̀ tó jáde lára wọn tó lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, tàbí kí wọ́n ti wà lójú oorun fún wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá dojú bolẹ̀ pẹ́, ẹ̀jẹ̀ àti omi máa ń ṣàn lọ sí ojú, ẹ̀yìn ẹyinjú á wú. Ẹ̀jẹ̀ tún ń jáde ní ẹ̀yìn, BP ń lọ sílẹ̀, omi tí wọ́n ń fà sí i lára sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tó kù ṣàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó ń bọ́ iṣan náà kò ní rí tó. Àgbàlagbà ni èyí ń mú jù, pàápàá ọkùnrin àti ẹni tó sanra. Ti ọmọdé sábà máa ń jẹ́ ti ọpọlọ: ojú fúnra rẹ̀ kò ní nǹkan ṣe, ibi tí ọpọlọ fi ń mọ ohun tí ojú rí, lẹ́yìn agbárí, ni ẹ̀jẹ̀ kò dé dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ tó kéré lára ọmọ wà lára ohun tó ń ṣí ọ̀nà fún un.

Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbájú mọ́. Ẹ bèèrè PCV ọmọ (àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó) nísinsìnyí, kì í ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Bó bá kéré, ẹ ní kí wọ́n wá ìdí rẹ̀ kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ ṣáájú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní iron kì í gbé ẹ̀jẹ̀ sókè ní ọjọ́ mẹ́ta, ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá ti ń ṣe nǹkan oṣù, tó ń yọ púpọ̀, ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ jẹ́nótáìpù rẹ̀: ẹni tó jẹ́ SS, òpó ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀ lè dí láìpẹ́ láìjìnnà, ètò ọ̀tọ̀ ló sì nílò. Kí ẹ rí i pé páìntì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní kí ẹ wá ti wà ní báǹkì ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọ tíátà. Kí ẹ sì bèèrè bóyá wọn yóò lo tranexamic acid, oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde kù. Kì í ṣe oògùn tuntun, ilé ìwòsàn púpọ̀ ní í.

Dókítà amúnisùn ni ẹ ó bi ní ìyókù, kì í ṣe oníṣẹ́ abẹ nìkan. Ó máa ń wá rí aláìsàn ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ bi í pé: orí ọmọ yóò ha wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú àyà rẹ̀, tàbí kó ga díẹ̀ jù ú lọ? Ikùn rẹ̀ yóò ha rọ̀ sílẹ̀ lófìfo láàárín igi bẹ́ẹ̀dì? Ikùn tí wọ́n tẹ̀ ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sí ẹ̀yìn àti sí ojú. Ta ni yóò máa wo ojú rẹ̀ nígbà iṣẹ́, ní ìṣẹ́jú mélòó mélòó? Ìṣẹ́jú 15 sí 20 dára. Bí iṣẹ́ bá ń gùn ju bó ṣe yẹ lọ tí ẹ̀jẹ̀ sì ń pọ̀, ṣé wọ́n lè dá a dúró kí wọ́n parí ìyókù lọ́jọ́ mìíràn? Ẹ fi ọ̀wọ̀ bèèrè, ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Dókítà tó mọṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí.

Kí ọmọ tó lọ, ẹ mú un lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ojú, ìbáà jẹ́ l'Ádó tàbí n'Ídó-Èkìtì, kí wọ́n kọ agbára ojú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Láìsí ìwé yẹn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ohun tó ń ṣe é lẹ́yìn náà jẹ́ tuntun. Ọmọ tó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí ọwọ́ àti ìka rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì wọ́, yẹ kí dókítà ojú wò ó dáadáa, nítorí àìsàn kan wà tí ń mú ẹ̀yìn wọ́ tó sì ń yí dígí inú ojú kúrò ní ipò rẹ̀. Bí gùlákómà, àìsàn tí ń ba iṣan ìríran jẹ́, bá wà nínú ẹbí, ẹ sọ ọ́. Lọ́jọ́ iṣẹ́, kò gbọdọ̀ lé tìróò, kò gbọdọ̀ lẹ irun ìpéǹpéjú, kò gbọdọ̀ ní ìlẹ̀kẹ̀ tàbí irun dídì gíga tó lè mú kí orí wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí fóòmù tí wọ́n gbé e lé.

Nígbà tó bá jí, ojú rẹ̀ yóò wú. Ẹ má fòyà, ìdojúbolẹ̀ ló fà á, ó ń rọ̀ ní ọjọ́ kan sí méjì. Ìríran rẹ̀ ni kí ẹ dán wò. Ní kété tó bá ti lè dáhùn, ẹ fi ọwọ́ bo ojú kan láìtẹ̀ ẹ́, kó ka ìka yín lókè, nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún, lápá òsì. Ẹ tún ṣe ti ojú kejì. Ẹ fi nǹkan pupa hàn án, kó sọ àwọ̀ rẹ̀. Ẹ máa tún un ṣe ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin nígbà tó bá lajú, fún ọjọ́ méjì, nítorí òmíràn kì í hàn ní kété tí ènìyàn bá jí.

Ibí ni àṣìṣe ti ń wọlé. Nọ́ọ̀sì lè ní, "Ìpara tí wọ́n fi sójú rẹ̀ ni." Ó lè jẹ́ òótọ́. Bó bá jẹ́ ìpara, ó dà bí ẹni ń wo nǹkan láti inú òróró. Bí ẹ bá fi òwú mímọ́ tó tutù nu ún, tó sì ṣẹ́jú díẹ̀, á mọ́lẹ̀. Bí ojú bá ń ta, tó ń ṣomi, tó dà bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, dígí iwájú ojú ló ha. Òun ló wọ́pọ̀ jù, ìpara tí dókítà bá kọ ń wò ó, ọjọ́ kan sí mẹ́ta ló sábà ń gbà. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ ra á, ẹ má sì fún ọmú sí i, ẹ má fi omi ṣúgà tàbí ìtọ̀ sí i, ẹnikẹ́ni tí ì bá à dámọ̀ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá dùn ún rárá, tó ní òkùnkùn ni, tàbí apá kan ṣú, tàbí kò rí ìka, kò sí ìpara kankan níbẹ̀. Ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru.

Ohun tí ẹ ó ní kí wọ́n ṣe nìyí: kí wọ́n wo BP, PCV àti afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n sì tún wọn ṣe, kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí ọmọlójú, kí dókítà ojú dé lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n ya àwòrán inú orí tí wọ́n ń pè ní MRI bó bá wà. Bí ọmọlójú bá ń fún tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, síbẹ̀ tí kò ríran, ọpọlọ ni wọn yóò fura sí, irú èyí sì máa ń padà díẹ̀díẹ̀ lára ọmọdé nígbà mìíràn. Ti iṣan, kò sí oògùn tí a fi ẹ̀rí hàn pé ó ń dá a padà. Ìyẹn ni mo ṣe tẹnu mọ́ ohun tó ṣáájú tó bẹ́ẹ̀.

Ríríran méjì-méjì jẹ́ nǹkan mìíràn. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi irin orí fa ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, iṣan tó ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ lè rẹ̀; ẹ sọ ọ́, wọn yóò dín ìwọ̀n tí wọ́n fi ń fà á kù. Oògùn ìrora bíi pregabalin àti gabapentin pẹ̀lú ń mú ojú ṣú fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ó sì ń lọ bí wọ́n bá dín in kù.

Bó bá jẹ́ Ìbàdàn tàbí Èkó ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, tí ìríran rẹ̀ bá yí padà lọ́nà bí ẹ ti ń bọ̀ wálé, ẹ má wò ó pé ẹ ti dé Iléṣà tàbí Àrámọkọ, pé ó kù díẹ̀ kí ẹ délé. Ẹ yà sí ilé ìwòsàn ńlá tó bá súnmọ́ yín jù. Kí ìwé tí wọ́n kọ fún yín nígbà tí ẹ ń lọ ilé wà nínú báàgì ọwọ́ yín, kì í ṣe nínú búùtù, kó sì ní wákàtí tí iṣẹ́ náà gbà, iye ẹ̀jẹ̀ tó jáde, páìntì tí wọ́n fún un àti PCV rẹ̀ kẹ́yìn. Mẹ́rin yẹn ni dókítà ojú yóò kọ́kọ́ bi yín.