Èsì: Kí ló dé tí Arduino wa ń kú tó tún ń jí?

Àbúrò, o kú iṣẹ́. O ní garawa ìdalẹ̀nù tí ẹ̀ ń ṣe fún iṣẹ́ àṣekágbá yín máa ń mọ̀ bí èèyàn bá sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n gbàrà tí mọ́tò servo bá fẹ́ gbé ìdérí rẹ̀, Arduino Uno, bọ́ọ̀dù kékeré tó ń darí gbogbo rẹ̀, á kú, á tún jí. Má tíì tún kóòdù yẹn kọ. Àìtó iná ló fà á.

O ní ojú 5V ara bọ́ọ̀dù ni servo ti ń gba iná. Ibẹ̀ gan-an ni. Tí servo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yí, pàápàá tí ìdérí bá wúwo, ó máa ń fa iná lójijì ju èyí tí USB lè gbé wá lọ. Fóltéèjì á já wálẹ̀, Arduino á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún servo ní bátìrì tirẹ̀: AA mẹ́rin, ìyẹn 6V, bá SG90 (irú servo kékeré kan) mu. Jọ̀ọ́, so GND (ojú òdì, ìyẹn −) bátìrì pọ̀ mọ́ GND Arduino o! Ọ̀pọ̀ ló ń fo èyí, tí servo á wá máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Capacitor (ohun kékeré tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́) 470 µF lẹ́gbẹ̀ẹ́ servo náà á tún ràn án lọ́wọ́.

Ní ti HC-SR04, ẹ̀rọ tó ń fi ìró mọ bí èèyàn ṣe jìnnà tó, tí kì í rí àwọn èèyàn kan, ìró 40 kHz tí etí wa kò lè gbọ́ ló ń rán jáde, tó sì ń dúró kí ìró náà ta padà wá. Aṣọ tó nípọn, bí agbádá, máa ń gbé ìró yẹn mì. Wọn ọ̀nà jíjìn náà lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí o tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, kí o sì mú èyí tó bá bọ́ sí àárín. Fi ọwọ́ dán an wò, fi aṣọ náà dán an wò, kó tó di ọjọ́ tí ẹ máa gbé e síwájú àwọn olùkọ́.