Ìlà mẹ́rin ni aláìsàn ń tò, kì í ṣe ẹyọ kan

Àbúrò mi ní Sábẹ̀ẹ́ (Savè, ní Benin), mo rí ìbéèrè rẹ. O ní dókítà kan ló ń wo aláìsàn ní pàjáwìrì yín lálẹ́, ìṣẹ́jú 12 ló ń lò lórí ẹnì kan ní ìpíndọ́gba, ènìyàn 4 ló sì ń wọlé ní wákàtí kan. O fẹ́ fi ìṣirò ìlà títò wá bí wọn yóò ṣe dúró pẹ́ tó, kí ẹ lè kọ ọ́ sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti ṣe é rí, iye kan náà sì ni tiwa nígbà náà. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ Kétu, mo sì ti fi ọdún 9 ṣiṣẹ́ alẹ́ ní pàjáwìrì ilé ìwòsàn kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Jọ̀wọ́, má tíì kọ nǹkan kan sára pátákó.

Ìṣirò yẹn fúnra rẹ̀ kò le. Ará Denmark kan, Erlang, ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 1909, nígbà tó ń bá iléeṣẹ́ tẹlifóònù ṣiṣẹ́ ní Copenhagen. Dókítà tó ń lo ìṣẹ́jú 12 lè wo ènìyàn 5 ní wákàtí kan. 4 ló ń wọlé. A ó rò pé àyè ṣẹ́ kù, ìlà kò ní sí. Ṣùgbọ́n aláìsàn kì í fi agogo rìn, iṣẹ́ dókítà lórí wọn kò sì dọ́gba: ti ẹnì kan kì í pẹ́, ti ẹlòmíràn á pẹ́ gan-an. Zémidjan (ọ̀kadà) méjì kọlu ara wọn, ènìyàn mẹ́ta dé lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ tí ibà ń ṣe tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó dé fún ogójì ìṣẹ́jú. Àkókò tí dókítà fi jókòó lásán kò ṣeé tọ́jú pa mọ́ de ìgbà tí èrò bá pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìṣirò fi sọ pé ìṣẹ́jú 48 ni ènìyàn yóò dúró, ní ìpíndọ́gba, kó tó rí dókítà. Bí àwọn tó ń wọlé bá jẹ́ 3, ìṣẹ́jú 18 ni. Bí wọ́n bá di 4 àbọ̀ péré, ó di 108!

Èmi náà rí 48, inú mi dùn, a kọ ọ́ sára pátákó pé ìdúró kò ju bí ìṣẹ́jú 50 lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá, ara ọmọ náà gbóná. Ó ka pátákó, ó rí i pé òun ráyè, ó pọn ọmọ jáde lọ ra àkàsà lẹ́nu géètì, nítorí ọmọ náà kò tíì jẹun láti àárọ̀. Ibẹ̀ ni gìrì ti mú un. Mo ṣì ń rí bó ṣe ń sáré bọ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan, ewé àkàsà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà yè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n pátákó tèmi ló rán wọn jáde.

Ìṣirò tí mo lò gbà pé ẹni tó kọ́kọ́ dé ni a ó kọ́kọ́ wò. Pàjáwìrì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu ló ń ṣíwájú, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́ á sì tún sún sẹ́yìn. 48 yẹn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Bí o bá máa ṣírò, ṣe ti ìpele ewu kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Èyí tó wá là mí lójú ni òfin Little, ará Amẹ́ríkà tó fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní 1961. Ka iye ènìyàn tó wà nínú ilé ní ìpíndọ́gba, fi iye tó ń wọlé ní wákàtí kan pín in, wàá mọ iye wákàtí tí ẹnì kan ń lò níbẹ̀. Mo mú kàyé (ìwé àkọsílẹ̀) kan, mo ka orí ní wákàtí wákàtí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: ẹni tó jókòó, ẹni tó dùbúlẹ̀, ẹni tó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìpíndọ́gba jẹ́ ènìyàn 12. Fi 4 pín in, wákàtí 3. Bẹ́ẹ̀ ìṣirò mi sọ pé ìṣẹ́jú 48 ìdúró pẹ̀lú ìṣẹ́jú 12 lọ́dọ̀ dókítà, wákàtí kan péré. Níbo ni wákàtí méjì yòókù wà?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wọn. Bàbá kan tí inú ń run, dókítà parí tirẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó dúró de èsì ẹ̀jẹ̀. Ó dúró de ọmọ rẹ̀ tó lọ ra omi ìfàsára àti abẹ́rẹ́. Ó tún dúró de bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ní kí ẹni tó wà lórí rẹ̀ máa lọ ilé láti àárọ̀, àmọ́ tí àwọn ará ilé onítọ̀hún ṣì ń wá owó tí wọn yóò fi san gbèsè. Ìlà mẹ́rin! Ẹyọ kan ni mo ṣírò.

Nígbà tí wọ́n fún wa ní dókítà kejì, ìṣirò ní ìdúró láti rí dókítà yóò já láti 48 sí ìṣẹ́jú 2 àti díẹ̀. Ó sì já lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kàyé mi ṣì ń ka ènìyàn 10, nítorí àwọn tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà ti lọ kún ẹnu ọ̀nà ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Nítorí náà, kàyé ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kọ ìgbà tó dé, ìgbà tó rí dókítà, ìgbà tí èsì jáde, ìgbà tí oògùn dé, ìgbà tó kúrò. Má fo ọjọ́ ọjà, má sì da ọ̀sán pọ̀ mọ́ òru. Bí o bá ti ní ọ̀sẹ̀ méjì, ya àwòrán ojú ewé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n bá ọ wò ó.

Ní ti pátákó wa, a pa ìṣẹ́jú rẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni: «Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ má jókòó, ẹ má jáde. Ẹ ké sí nọ́ọ̀sì.»