Delay wo ló yẹ ohùn akọrin lórí Linux?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ardour, ètò kọ̀ǹpútà fún gbígba orin sílẹ̀, ni mo fi ń ṣe míìsì orin ìyìn lórí Ubuntu, ọ̀kan lára àwọn Linux. Bí mo bá ti fi delay (gbohùngbohùn tó ń tún ohùn wí) sí ohùn akọrin, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a dàrú, ohun tí dùndún ń sọ kì í sì yéni mọ́. Plugin (àfikún ètò) ọ̀fẹ́ wo ni kí n lò, báwo ni kí n sì ṣe tò ó?

Ìdáhùn: Plugin tó dára kò wọ́n lórí Linux. Ibi tí ẹ gbé e sí àti bí ẹ ṣe tò ó ló ń da ọ̀rọ̀ rú.

ACE Delay ti wà nínú Ardour yín tẹ́lẹ̀, ó lè tẹ̀ lé ìyára orin, ó sì ní asẹ́ tó ń gé ohùn òkè. Calf Vintage Delay ni èmi fẹ́ràn jù fún akọrin, torí pé àkókò apá òsì lè yàtọ̀ sí ti apá ọ̀tún, ipò Tape rẹ̀, tó ń fara wé téèpù àtijọ́, sì máa ń jẹ́ kí gbohùngbohùn rọ̀ létí. Àkójọ plugin tí wọ́n ń pè ní LSP náà ní Slap-back Delay. Ẹ má ṣì mú Compensation Delay wọn o! Ìyẹn kì í tún ohùn wí rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mú ohùn maikirofóònù méjì tí wọn kò jìnnà bákan náà sí ìlù bọ́ sí àkókò kan. Àṣẹ yìí á kó Calf àti LSP wá:

sudo apt install calf-plugins lsp-plugins-lv2

Wine àti yabridge lè gbé plugin Windows ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ kò nílò rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ má gbé delay sórí tírákì akọrin. Ẹ dá bus kan (ọ̀nà ohùn tó dá dúró) sílẹ̀, ẹ gbé delay síbẹ̀, ẹ yí Dry rẹ̀ (ohùn tí delay kò tíì kàn) wá sí òdo, kí ẹ wá fi aux send, tó ń gbé ẹ̀dà ohùn láti tírákì, gbé ohùn lọ bá a. Lẹ́yìn náà, ẹ fi EQ (asẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ àti òkè) sórí bus náà: ẹ gé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 250 Hz àti èyí tó kọjá 4 kHz. Òkè yẹn ni “s” àti “ṣ” ti máa ń dún jù; tí ẹ kò bá gé e, wọ́n á máa ta ṣáṣá léraléra.

Ní ti àkókò, ẹ fi iye BPM (iye bíìtì ní ìṣẹ́jú kan) pín 60,000. Orin tó wà ní 100 BPM á fún yín ní 600 ms (ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) fún bíìtì kan. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 300, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 450. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ kí ohùn nípọn díẹ̀, 80 sí 120 ms tó, láìsí feedback (dídá àtúnwí padà sínú delay kó lè tún wí).

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Nínú orin Yorùbá, ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló ń gbé ìtumọ̀. Bí àtúnwí ọ̀rọ̀ kan bá bọ́ lé èyí tó tẹ̀ lé e lórí, olùgbọ́ á máa gbọ́ ohùn méjì pọ̀. Nítorí náà, ẹ fi LSP Sidechain Compressor, tó ń fi ohùn kan rẹ òmíràn sílẹ̀, sẹ́yìn delay lórí bus, kí ohùn akọrin máa darí rẹ̀: bó bá ń kọrin, gbohùngbohùn á rẹlẹ̀, bó bá dákẹ́, á yọ jáde. Èyí tó wù mí jù ni automation (àyípadà tí Ardour ń ṣe fúnra rẹ̀ bí orin ṣe ń lọ) lórí send, kó máa ṣí fún ọ̀rọ̀ ìparí ìlà nìkan. Síbẹ̀, ẹ wo àwọn elégbè. Àlàfo tí delay ń wá yẹn ni wọ́n sábà máa ń gbè sí, àwọn ló sì ni ín. Níbi tí wọ́n bá ti ń gbè, ẹ pa send náà.

Ìyáàlù kò nílò delay kankan. Bó ṣe ń yọ́ ohùn gòkè sọ̀kalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó bá gbẹ jù, Dragonfly Room Reverb, tó ń mú ohùn dún bí ẹni tó wà nínú yàrá, díẹ̀ ti tó o. Ẹ gbé delay 450 ms yẹn fún gìtá, ẹ fi feedback rẹ̀ sí nǹkan bíi 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó máa ń dùn níbẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ gbọ́ ọ ní mono (apá òsì àti ọ̀tún papọ̀ di ọ̀kan) lórí sípíkà fóònù, kí ẹnì kan tí kò mọ orin náà bá yín gbọ́ ọ. Bí kò bá lè sọ ohun tí akọrin wí, ẹ dín send kù ní 3 dB kí ẹ tún un gbọ́.